Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Kí ni èbúté tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí Ìlàjẹ lè ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun?

Ẹni tó bá dé èbúté Ìgbókòdá láàárọ̀ ọjọ́ ọjà á rí bí wọ́n ṣe ń já ẹrù. Àpò àlùbọ́sà, àpò ẹ̀wà, gààrí, sìmẹ́ǹtì, páànù, kẹ́ẹ̀gì epo, gbogbo ẹ̀ ló ń ti orí ọkọ̀ ilẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Alábàárù gba tiẹ̀. Ọlọ́kọ̀ gba tiẹ̀. Owó epo tí wọ́n máa rà sí ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, owó àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì létí omi náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àpò àlùbọ́sà yẹn bá fi máa gúnlẹ̀ sí Ayétòrò tàbí abúlé mìíràn létí òkun lọ́hùn-ún, iye tí wọ́n ń tà á l'Ọ́rẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa tà á mọ́.

Bó ṣe rí náà nìyẹn tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja bá ń gbé ẹja yíyan àti edé bọ̀ wá sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà jìn sí máa ń ra nǹkan lọ́wọ̀n-ún, á sì ta tirẹ̀ lọ́pọ̀, torí pé owó ọ̀nà ti jẹ èrè ẹ̀ kó tó dé ọjà. Kò sí ará Ìlàjẹ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àpò àlùbọ́sà kan yìí ló ń ṣẹlẹ̀ sí odindi orílẹ̀-èdè. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí òkun ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ rà láti òkè òkun, ilẹ̀ ẹlòmíì ló máa gbà kọjá. Ní báyìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ń sọ pé òun fẹ́ kọ́ èbúté ńlá sí etíkun Ìlàjẹ, ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyẹn ti kan àwa náà níbí. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Àwọn wo ni kò ní òkun?

Orílẹ̀-èdè 32 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà tí kò sì ní etíkun kankan. Mẹ́rìndínlógún (16) nínú wọn ló wà nílẹ̀ Áfíríkà. Lápá ọ̀dọ̀ wa, Niger, Mali àti Burkina Faso ni. Chad àti Central African Republic wà láàárín gbùngbùn. Àwọn yòókù ni Ethiopia, South Sudan, Uganda, Rwanda, Burundi, Malawi, Zambia, Zimbabwe, Botswana, Lesotho àti Eswatini.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wọn ò ní nǹkan nínú. Niger ní epo rọ̀bì àti yuréníọ̀mù. Mali àti Burkina Faso ní wúrà àti òwú. Zambia ní bàbà. Ibi tí wọ́n ti máa gbé e jáde ni ìṣòro wọn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìpàdé ńlá lórí ọ̀rọ̀ wọn ní Awaza, lórílẹ̀-èdè Turkmenistan, lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, Akọ̀wé Àgbà Àjọ náà, António Guterres, sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè 32 yìí ló ní 7% gbogbo èèyàn tó wà láyé, àmọ́ ohun tó kàn wọ́n nínú ọrọ̀ ajé àti káràkátà àgbáyé, díẹ̀ báyìí ló fi ju 1% lọ.

Òfin wà o. Òfin Òkun Àgbáyé tí wọ́n ṣe lọ́dún 1982, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1994, sọ ní abala 125 pé orílẹ̀-èdè tí kò ní òkun lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ kọjá lọ sí òkun. Abala 127 sọ pé aládùúgbò náà ò gbọ́dọ̀ gba owó ẹnubodè lórí ẹrù tó kàn ń kọjá, àfi owó iṣẹ́ tó bá ṣe fún ẹrù náà. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì ló máa jókòó ṣe àdéhùn bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà nínú ìwé, àmọ́ ọwọ́ aládùúgbò ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Báwo ni kọ̀ǹténà kan ṣe ń dé Niamey?

Ká ní oníṣòwò kan ní Niamey, olú ìlú Niger, ra ìrẹsì láti ilẹ̀ Íńdíà. Ọkọ̀ òkun á já a sí Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Benin. Láti Kútọnu dé Niamey, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan (1,000) kìlómítà lójú títì.

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. Ẹrù yẹn kì í ṣe ti Benin, nítorí náà Benin ò ní gba owó ẹnubodè lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè Benin á bi ara wọn pé: kí ló máa jẹ́ ká mọ̀ pé Niger ló ń lọ lóòótọ́? Bí awakọ̀ bá já a sílẹ̀ ní Parakou ńkọ́? Bí wọ́n bá yọ́ gbé e wọ Nàìjíríà lóru ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí oníṣòwò mú onídùúró wá. Tí ẹrù náà ò bá jáde sí Niger, onídùúró ló máa san owó ẹnubodè ẹ̀. Wọ́n á sì fi èdìdì de kọ̀ǹténà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i lójú ọ̀nà.

Ètò tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu lóṣù Karùn-ún ọdún 1982 nìyẹn: ìwé kan, èdìdì kan, onídùúró kan, látẹnu èbúté títí dé ibi tí ẹrù ń lọ. Tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ń ṣe é ni, ara ì bá ti tu àwọn oníṣòwò.

Ohun kejì ni ọkọ̀. Àdéhùn kan wà nínú irú okòwò yìí pé nínú ẹrù mẹ́ta, méjì jẹ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ Niger, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ Benin. Ó dára kí tọ̀tún-tòsì rí jẹ. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó wà nítòsí lè má lè gbé ẹrù, torí pé kò tíì kàn án. Lẹ́yìn tó bá tún já ẹrù tán ní Niamey, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń padà bọ̀ lófìfo. Oníṣòwò yẹn náà ló máa san owó àlọ àti àbọ̀.

Ohun kẹta ni ojú ọ̀nà fúnra ẹ̀. Ọlọ́pàá dá ọkọ̀ dúró, aṣọ́bodè dá a dúró, àwọn tó ń wọn ẹrù dá a dúró. Awakọ̀ tó bá mọwọ́ yọ, á yọ nǹkan. Èyí tí kò bá yọ, á sùn síbẹ̀.

Ohun kẹrin ni ẹnubodè. Malanville ló wà lápá ti Benin, Gaya ló wà lápá ti Niger, Odò Ọya ló sì pín wọn níyà. Wọ́n á yẹ ìwé wò lápá ìhín, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lápá ọ̀hún. Bí tírélà bá fi ọjọ́ mẹ́ta dúró níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta yẹn lówó. Awakọ̀ ń jẹun, ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ tó ni kọ̀ǹténà ń ka ọjọ́.

Gbogbo rẹ̀ pátá ló máa wọ inú owó ìrẹsì. Ìyá tó ń ra kóńgò kan ní Niamey ò mọ Kútọnu, kò sì rí onídùúró rí, ṣùgbọ́n òun ló san gbogbo owó yẹn.

Kò sì yẹ ká dá aládùúgbò nìkan lẹ́bi. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn aṣọ́bodè ní ìdí. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò kan ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé Niger ni ìrẹsì àwọn ń lọ, tó sì jẹ́ pé ọjà Nàìjíríà ló máa ń bọ́ sí. Fàyàwọ́ yìí wà lára ohun tí ìjọba Nàìjíríà ní òun torí ẹ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Àwọn tó ń ṣòwò bó ṣe yẹ àti àwọn onífàyàwọ́, wọ́n jọ jìyà ẹ̀ ni.

Nígbà tí aládùúgbò bá ti ilẹ̀kùn

Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niger. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ECOWAS kéde ìjìyà lé Niger lórí. Benin ti ẹnubodè, Nàìjíríà náà ti tirẹ̀, Nàìjíríà sì tún já iná mànàmáná tó ń fún Niger. Tírélà tò sí Malanville lọ súà. Ẹrù tó ń lọ sí Niger há sí èbúté Kútọnu.

Kí làwọn èèyàn wá ṣe? Wọ́n bọ́ sínú omi. Ọkọ̀ onígi bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn àti ẹrù kọjá Odò Ọya láti Malanville sí Gaya. Ará Ìlàjẹ tó bá rí àwòrán ẹ̀ á rò pé ilé lòun wà. Àwọn oníṣòwò ńlá ní tiwọn yí sí èbúté Lomé ní Tógò. Láti ibẹ̀, wọ́n ń gba Burkina Faso lọ sí Niger, lójú ọ̀nà tí àwọn agbébọn ti ń ṣọṣẹ́, tó fi jẹ́ pé ṣọ́jà ló máa ń tẹ̀ lé ọ̀wọ́ àwọn tírélà. Ọ̀nà ọ̀hún jìn, ó léwu, ó sì wọ́n.

ECOWAS mú ọ̀pọ̀ lára ìjìyà náà kúrò lóṣù Kejì ọdún 2024, Nàìjíríà sì ṣí ẹnubodè lóṣù Kẹta. Benin ní òun náà ti ṣí. Niger ló wá ní òun ò ṣí tòun fún Benin. Lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Benin fèsì: ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n kó epo rọ̀bì Niger sínú ọkọ̀ òkun ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹ rántí pé páìpù tó gbé epo yẹn wá láti Agadem, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó 2,000 kìlómítà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS pátápátá.

Ta ló jèrè nínú gbogbo ẹ̀? Niger ra oúnjẹ lọ́wọ̀n-ún. Benin pàdánù owó èbúté, àwọn awakọ̀ àti alábàárù Kútọnu jókòó sílé, ọjà Malanville dá. Ní Nàìjíríà, ọjà Jíbíyà àti Illela, tí wọ́n ti ń ra màlúù, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà Niger, dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò, ilé òun náà ló há sí.

Yorùbá ti rí irú ẹ̀ rí, omi Ìlàjẹ sì wà níbẹ̀

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun lèyí, kó rántí Ìbàdàn. Ìbàdàn lágbára, ó ní jagunjagun, ṣùgbọ́n kò ní òkun. Ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ tó ń lò, Èkó ni wọ́n ti ń wá, ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Lọ́dún 1877, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí wà lára ohun tó dá ogun tuntun sílẹ̀, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ náà fi dìde lọ́dún 1878, tí ogun Kírìjí fi gbilẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kí ogun yẹn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lábẹ́ John Glover ti ń wá ọ̀nà míì tí kò ní gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjá. Ọ̀nà tí wọ́n rí ni ọ̀nà ìlà oòrùn, tí wọ́n ń pè ní ọ̀nà Oǹdó. Ọkọ̀ ojú omi á gbéra l'Ékòó, á gba orí ọ̀sà wá sí apá ọ̀dọ̀ wa níbí, á dé Ìtebú àti Ayésàn. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti já ẹrù sílẹ̀, wọ́n á gbé e lórí gba Oǹdó àti Òkè-Igbó lọ sí ilẹ̀ Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ìbọn àwọn Èkìtìparapọ̀ gbà dé ojú ogun.

Àwọn ọba àti ìjòyè orí omi mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, àwọn òyìnbó náà sì mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1885, ilé iṣẹ́ oníṣòwò Jámánì kan, Gaiser, lọ bá Amapetu ti Máhìn ṣe àdéhùn lórí etíkun Máhìn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí wọ́n á ti máa kó ọjà wọlé láìsan owó ẹnubodè fún Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó. Ìjọba Jámánì kọ́kọ́ gbá a mú, àmọ́ kò pẹ́ tó fi gbé e sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ìtàn náà tó korò. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́dún 1892, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú tì ni wọ́n fi ṣe àwáwí ogun. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ò lè jókòó yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀nà láàárín ara wọn, àlejò ló bá wọn yanjú ẹ̀.

Kí ló ti ṣiṣẹ́ níbòmíì?

Àwọn ibi kan wà tí wọ́n ti tún nǹkan ṣe, kò sì ju ọgbọ́n lọ. Ní Chirundu, láàárín Zambia àti Zimbabwe, wọ́n ṣí ẹnubodè alájọṣe lóṣù Kejìlá ọdún 2009, òun sì ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì jókòó sábẹ́ òrùlé kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń dúró. Àwa náà ní irú ẹ̀ ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, láàárín Nàìjíríà àti Benin, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari àti Ààrẹ Patrice Talon jọ ṣí lóṣù Kẹwàá ọdún 2018. Ilé ńlá ni. Àmọ́ ilé nìkan ò tó, ìwà àwọn tó wà nínú ilé ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá.

Ní apá ìlà oòrùn Áfíríkà, Kenya, Uganda àti Rwanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2014 pé ní èbúté Mombasa gan-an ni wọ́n á ti gba owó ẹnubodè lórí ẹrù tó ń lọ sí Uganda àti Rwanda, kó tó gbéra. Nígbà tí wọ́n ti sanwó tán, kò sí ìdí tí awakọ̀ á fi fẹ́ já ẹrù sọ́nà. Wọ́n dín ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró kù, wọ́n sì so kọ̀ǹpútà àwọn aṣọ́bodè mọ́ra. Àwọn orílẹ̀-èdè náà ní ẹrù tó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 18 láti Mombasa dé Kampala tẹ́lẹ̀ wá ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin.

ECOWAS náà ní ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní SIGMAT. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kí aṣọ́bodè Niger ti mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà kó tó kúrò ní Kútọnu, kí ẹnì kankan má lè pààrọ̀ ìwé lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ rélùwéè náà ní ẹ̀kọ́ tiẹ̀. Ethiopia, tí kò ní etíkun mọ́ látìgbà tí Eritrea ti gba òmìnira lọ́dún 1993, ti ń lo rélùwéè oníná tó lé ní 700 kìlómítà láti Addis Ababa dé èbúté Djibouti. Ó ṣiṣẹ́ torí pé ó ti inú èbúté débi tí ẹrù ń lọ. Ẹ fi wé ti Benin àti Niger. Rélùwéè Kútọnu dé Parakou láti ọdún 1936, 438 kìlómítà, ó sì dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún la òmíràn láti Niamey dé Dosso, 140 kìlómítà, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2016. Méjèèjì ò pàdé. Ti Niamey sí Dosso yẹn ò kó ẹrù kankan dé òkun títí dòní.

Kí lèyí kan Ìlàjẹ?

Ọ̀rọ̀ èbúté ńlá ní Ìlàjẹ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Gómìnà Rotimi Akeredolu sáré lé e kó tó kú lóṣù Kejìlá ọdún 2023. Gómìnà Lucky Aiyedatiwa, tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, náà gbé e dání. Etíkun tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń sọ pé ó gùn tó nǹkan bí 180 kìlómítà, kò sí èbúté ọkọ̀ òkun kankan níbẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń gbé ètò náà lárugẹ ń sọ ni pé ọjà àríwá, títí dé Niger àti Chad, lè máa gba ibí kọjá láìsí pé ó kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó.

Ó ṣeé ṣe. Láti Ìlàjẹ, ẹrù lè gba Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó, Àkúrẹ́, kó já sí Lọ́kọ́ja, kó gba Abùjá àti Kàdúná dé Kánò. Ní Kánò, èbúté orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dala wà níbẹ̀ láti ọdún 2023. Ìjọba àpapọ̀ sì ti ń la rélùwéè láti Kánò gba Kàtsínà àti Jíbíyà lọ sí Maradi ní Niger, nǹkan bí 284 kìlómítà. Àmọ́ ẹ wo ohun tó kù. Kò sí rélùwéè láti etíkun Ìlàjẹ sí ibì kankan. Bí ìyẹn ò bá sí, ohun tó ṣe Parakou àti Dosso ló máa ṣe àwa náà.

Òpópónà etíkun láti Èkó dé Calabar tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀ lọ́dún 2024, tó máa gùn tó 700 kìlómítà, máa gba Ìlàjẹ kọjá. Ó dáa púpọ̀. Àmọ́ ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ni ọ̀nà yẹn ń lọ. Àríwá ni Niger wà. Òpópónà tí wọ́n ń là láti Sókótó wá sí gúúsù ní tiẹ̀, Àgbádárìgì ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìlàjẹ ṣe ẹnu ọ̀nà Niger, ọ̀nà Ìgbókòdá sí Ọ̀rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ìjọba léèrè.

Ẹnìkejì tún wà nínú ọjà. Èbúté Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí lóṣù Kìíní ọdún 2023, jìn tó mítà 16.5, ọkọ̀ ńlá-ńlá sì ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ òkun ò ní torí pé ilẹ̀ wa dára fi Lẹ́kì sílẹ̀. Ohun tó máa fà á wá ni kí ẹrù tètè kúrò létí omi, kí owó ẹ̀ dín, kí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró má pọ̀ ju òpó iná lọ lójú ọ̀nà.

Iyanrìn àti omi ńkọ́?

Èyí ni apá tó kan ilé àwọn olùgbọ́ jù. Etíkun tiwa yìí, omi máa ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Tí wọ́n bá kó òkúta wọ inú òkun láti fi ṣe apá èbúté, òkúta yẹn á dá iyanrìn dúró lápá kan, apá kejì á sì máa jẹrà. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ apá òkúta sẹ́nu òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, tí òkun fi ń jẹ Bar Beach títí. Èbúté Lomé àti ti Kútọnu, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960, náà fa irú ẹ̀: àwọn ìlú tó wà ní ìlà oòrùn wọn ni òkun ń gbé lọ.

Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947, ti ń bá òkun jà tipẹ́ láìsí èbúté kankan. Ilé ti lọ, ilé ìwé ti lọ, ibojì àwọn baba ńlá ti lọ. Iṣẹ́ ìdáàbòbò tí wọ́n gbé jáde fún un nígbà kan rí kò débi kan. Tí wọ́n bá wá gbé èbúté sí apá ìwọ̀ oòrùn ẹ̀ láìwádìí bí omi àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń rìn, ọjà lè máa dé Niger láyọ̀ kí àwọn tó ni etíkun má nílé mọ́.

Ẹrẹ̀ pọ̀ ní etíkun Ìlàjẹ ju ti Èkó lọ, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àyẹ̀wò Lẹ́kì dípò ti ibí. Òfin àyẹ̀wò àyíká tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 1992 sọ pé iṣẹ́ ńlá bí èbúté ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wádìí ohun tó máa ṣe fún àyíká, kí wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí náà síta kí aráàlú rí i, kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e síta, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, àwọn apẹja, àwọn ìyá ẹlẹ́ja àti àwọn baálẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa bèèrè ò le. Ibo ni iyanrìn tí wọ́n bá wà á lọ? Ta ló máa dáàbò bo abúlé tó wà lápá ìlà oòrùn èbúté? Ibo làwọn apẹja máa ta àwọ̀n sí? Ọ̀nà wo àti rélùwéè wo ló máa gbé ẹrù kúrò, ọjọ́ wo ni wọ́n máa parí ẹ̀, ṣáájú èbúté ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? Ẹ̀tọ́ wo ló jẹ́ ti àwọn tó wà lórí omi, tí wọn ò rí ọ̀nà gbé ẹja tiwọn fúnra wọn jáde?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ló gba sùúrù jù. Àwọn abúlé kan wà ní Ìlàjẹ tí òkun wà lẹ́yìnkùlé wọn, síbẹ̀ tí ọjà jìn sí wọn bí ó ṣe jìn sí ará Niger. Tí ọ̀nà ńlá tí a fẹ́ là fún orílẹ̀-èdè míì bá kọjá lórí omi wọn, tí kò sì já sí èbúté kéékèèké tí wọ́n ń lò, àpò àlùbọ́sà tó ń gbéra ní Ìgbókòdá láàárọ̀ ọ̀la máa wọ́n bó ṣe wọ́n láàárọ̀ yìí náà ni.